Owó Ẹ̀kọ́ Ìfọṣọ

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló san owó ẹ̀kọ́ náà, èmi ni mo lọ jókòó kọ́ ọ. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí àwọn ẹbí tó bà á jẹ́ fún yín.

Ilé iṣẹ́ ńlá kan ló ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣí ilé ìfọṣọ lábẹ́ orúkọ wọn. Onítọ̀hún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó ẹ̀kọ́ yẹn sì ju owó ẹ̀rọ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú, ó fi san owó ẹ̀kọ́ àti ti ẹ̀rọ. Ogún ọdún ló ti ń fi ọwọ́ fọ aṣọ aláṣọ, òun ló sì fi tọ́ mi. Nígbà tó gbọ́ pé ìfọṣọ ni wọ́n fẹ́ kọ́ òun, ẹ̀rín pa á.

"Èmi? Kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún mi nípa ọṣẹ? Ìwọ lọ bá mi jókòó tì wọ́n. Mi ò lè fi àwọn oníbàárà mi sílẹ̀."

Mo lọ. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká ṣẹ́ẹ̀tì mọ́ páálí. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, olùkọ́ gbé ìwé àdéhùn síwájú mi, ó ní orúkọ ẹni tó gba ẹ̀kọ́ nìkan ló lè wọ̀ ọ́.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ṣọ́ọ̀bù náà?"

"Èmi ni."

Mo buwọ́ lu ìwé náà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń ní kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ọpẹ́ ọ̀hún ti sú mi.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó sáré lọ bá ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n ní kó san owó ẹ̀kọ́ tirẹ̀ bó bá fẹ́ ṣọ́ọ̀bù míì. Ilẹ̀ wo ló tún kù? Àwọn ẹbí wá bá mi, wọ́n ní ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo ní ẹni tí ata bá ta lójú, kó lọ bọ́jú. Omi pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Láàárín oṣù mẹ́ta, gbogbo oníbàárà rẹ̀ ti di tèmi. Ó wá lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun ń wáṣẹ́. Kí n tó fèsì, ó ti mú ṣẹ́ẹ̀tì kan lórí tábìlì, ó ká a bó ṣe kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ó gún régé. Mo tú u.

"Bí a ṣe ń ká a níbí kọ́ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Òṣìṣẹ́ pàápàá ń gba ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan. A máa yọ owó ẹ̀kọ́ náà díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù yín."

Ó wo ṣẹ́ẹ̀tì náà títí.

"Ta ló máa kọ́ mi?"

"Èmi ni."

Ó fi aṣọ ara rẹ̀ nu ọwọ́ rẹ̀ tí ọṣẹ ti jẹ, ó sì jókòó síwájú mi.