Fọ́tò Tó Bá Ọ̀rọ̀ Wa Mu

Ìgbà keje rèé tí lọ́yà ilé-iṣẹ́ wa máa fi bírò pupa fa ìlà sórí ohun tí mo kọ.

"'A bá wọn kẹ́dùn' kẹ̀? Yọ ọ́. Adájọ́ á ní a ti jẹ́wọ́."

Mo yọ ọ́. Ọrùn ń ro mí. Láti ìgbà tí òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá ti pè wá lẹ́jọ́ pé èéfín ọ̀dà ti ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn jẹ́, pé a kò fún àwọn ní ìbòmú rí, èmi ni mò ń kọ èsì wa fún àwọn oníwèé ìròyìn. Ìlà mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù: ìlera òṣìṣẹ́ ló jẹ wá lógún; ẹnikẹ́ni kì í wọ yàrá ọ̀dà láìbo imú; ilé ẹjọ́ ni yóò sọ ìyókù.

"Ó ti gbẹ jù," ni ọ̀gá wí. "Ẹ jẹ́ ká fi fọ́tò sí i. Òṣìṣẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín."

Ó ti ọwọ́ bọ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó fa fọ́tò kan yọ. "Wo eyín. Ṣé ẹni tí èéfín ń pa lè rẹ́rìn-ín báyìí?"

Lọ́yà wò ó fìrí, ó padà sídìí bírò rẹ̀. "Ìyẹn á pa wọ́n lẹ́nu mọ́."

Nígbà tí fọ́tò náà dé ọwọ́ mi, mo dá ojú náà mọ̀. Àbúrò ìyá mi ni, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Ẹ̀rín. Òun ni orúkọ kẹrin nínú ìwé ìpẹ̀jọ́. Ní ọ́fíìsì wa, orúkọ àwọn mẹ́rìnlá náà nìkan ni ọ̀gá àti lọ́yà mọ̀, wọn ò mọ ojú ẹnì kankan nínú wọn. Nínú fọ́tò náà, ó dúró láàárín yàrá ọ̀dà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ìbòmú lójú ẹnì kankan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé wa, ó ń wá èémí. "Ẹnu lásán la ní, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Adájọ́ ń bèèrè ẹ̀rí. Ta ló ń ya fọ́tò imú?" Ikọ́ ni kò jẹ́ kó rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tán.

"Ṣé kò síṣòro níbẹ̀?" ni ọ̀gá bi mí. "O tẹjú mọ́ ọn."

"Kò sí, sà. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

Nínú gbogbo irọ́ tí mo ti pa lọ́sẹ̀ yẹn, òun ló rọrùn jù lẹ́nu mi.

Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sáwọn oníwèé ìròyìn, pẹ̀lú ìlà mẹ́ta wa lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbé báàgì mi, mo lọ sọ fún bọ̀ọ̀dá mi pé kó ra ìwé ìròyìn ọ̀la.