A Tú Kẹ́hìndé Lẹ́ẹ̀mejì

1

…torí náà, kí n má purọ́, èmi ni mo kọ ọ́. Èmi Làtíífàt, nílé wa ní Èrúwà, ni mo kọ kóòdù tó ń ṣọ́ mímí àwọn ọmọ tuntun ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Igbó-Ọrà.

2

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́ (ó wà lára ògiri wọn)

Ọmọ kan, ẹ̀rọ kan lẹ́sẹ̀ tó ń ka afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.
Windows, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, á fún ẹ̀rọ ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn ni kóòdù fi ń di ẹ̀rọ mú.
Ọmọ ń lọ ilé? Ẹ tẹ TÚ SÍLẸ̀.
Windows á gba nọ́ńbà, á fún ọmọ mìíì.

3

Ohun tí kóòdù mi bá ṣẹ̀dá fúnra rẹ̀, ó ní agbálẹ̀ tó ń kó o. Agbálẹ̀ ò mọ nọ́ńbà Windows. Èmi ni kí n tú u, lẹ́ẹ̀kan péré.

Ṣùgbọ́n ní Igbó-Ọrà, ohun tí a bá ṣe fún Táíwò, a ó ṣe é fún Kẹ́hìndé. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ẹ tú Táíwò, Kẹ́hìndé náà á tú. Inú mi dùn. Mo tiẹ̀ fi han ìyá mi.

4

Ọjọ́rú. Ohun tí kọ̀ǹpútà wọn fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi:

1:52 Táíwò, ọmọ Mùnírátù: a tú u. 416.
1:52 Kẹ́hìndé, ọmọ Mùnírátù: a tú u. 420.
1:58 Ọmọ Rùkáyàt wọlé. 420.
2:03 Kẹ́hìndé, ọmọ Mùnírátù: a tú u. 420.

4

(Mo mọ̀ pé mo ti kọ 4.)

Nọ́ọ̀sì tẹ TÚ SÍLẸ̀ fún Táíwò. Wọ́n gbé ọmọ Rùkáyàt dé, ó lọ so ẹ̀rọ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ ti Kẹ́hìndé. Ta ni kò ní tẹ méjèèjì?

Àbúrò mi ni Rùkáyàt. Oṣù méje ni oyún rẹ̀ nígbà tó bí ọmọ náà. Ó máa ń gbàgbé láti mí. Tí a bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, á rántí.

5

Bí a bá tú nọ́ńbà ọmọ tó ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ò ní ké. Kọ̀ǹpútà á dúró sórí ohun tó rí kẹ́yìn.

6

2:31, lórí fóònù.

NỌ́Ọ̀SÌ ADÉBÙKỌ́LÁ: Làtíífàt, ṣé dáadáa ni?
ÈMI: Ẹ káàsán, mà. Ọmọ Rùkáyàt ńkọ́?
NỌ́Ọ̀SÌ: Ó ń sùn. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà.
ÈMI: Látìgbà wo?
NỌ́Ọ̀SÌ: Ó ti pẹ́ díẹ̀. Kò tiẹ̀ yí padà rárá. A dúpẹ́.
ÈMI: Ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, mà. Ẹ lọ wo ọmọ yẹn.
NỌ́Ọ̀SÌ: Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀…
ÈMI: Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀.

(Ó gbé fóònù kalẹ̀. Mo gbọ́ bàtà rẹ̀ tó ń lọ.)

7

ÀTÚNṢE (mo ń kọ ọ́ báyìí, fóònù wà létí mi)

Ẹnì kan ṣoṣo nínú kóòdù ni kó máa mú nọ́ńbà.
Kó kọ́kọ́ sàmì pé òun ti tú u, kó tó tú u.
Bí wọ́n bá tún ní kó tú u, kó má ṣe nǹkan kan.

Ìlà mẹ́ta péré. Mo ń kọ ọ́, mo ń pa á rẹ́, mo tún ń kọ ọ́.

8

Mo ń gbọ́ fáànù. Mo ń gbọ́ ọ̀kadà ní títì. Rùkáyàt ń sọ̀rọ̀, n ò gbọ́ ohun tó ń sọ.

4

2:03 a tú u. 420.

9

2:34. Lórí fóònù mi, ọmọ Rùkáyàt: 97, bó ṣe wà láti 2:03.