Púpurú Ẹlòmíràn Nínú Fíríìjì Mi

Ọ̀kadà yẹn tún ti ń fọn fèrè... ẹnu ọ̀nà wa ni. Oúnjẹ ló tún gbé wá. Oúnjẹ! Sínú ilé tí iná ń jó nídìí ìkòkò mi!

Nàfísàt ti sáré jáde lọ gbà á. Ọmọ ọmọ mi. Inú àtẹ́lẹwọ́ mi ló ti mu ẹ̀kọ kó tó hu eyín, nítorí ìyá rẹ̀... ó tó. Ó wá rí iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà, ọ̀gá rẹ̀ wà l'Ékòó, òun wà ní yàrá lọ́dọ̀ mi l'Ọ́rẹ̀ níbí. Mo yọ̀. Mo ní ọmọ mi á máa jẹ ọbẹ̀ gbígbóná lọ́sàn-án.

Ọbẹ̀ ta ni? Ní Mọ́ńdè, ó ra ìrẹsì ní gáréèjì, ó bù fún mi. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀wà Evelyn olóúnjẹ. "Màmá àgbà, mo kàn ń tọ́ tibí tọ̀hún wò ni." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé ọkọ ló ń wá ni, tó ń tọ́ wò kiri?

Àná, púpurú ló rà. Púpurú! Èmi tí mo bó ẹ̀gẹ́, mo rẹ ẹ́, mo mọ ọ́n róbótó, mo gbé e síná títí èéfín fi ń fa omi lójú mi — ó lọ ra ti obìnrin mìíràn. Pẹ̀lú marúgbó, ọbẹ̀ dúdú tí mo fi tọ́ ọ dàgbà! Ó wá fi í pamọ́ sẹ́yìn ike omi nínú fíríìjì bí olè. Tèmi wà lórí tábìlì, ó ní òun ti yó.

Ìyókù rèé lọ́wọ́ mi nínú abọ́ ike. Kí ni obìnrin yẹn fi sí ọbẹ̀ yìí? Ẹ jẹ́ n tọ́ ọ wò...

Ó tẹ́! Kò níyọ̀ rárá. Ṣé nítorí èyí ni? Ìrẹsì gáréèjì náà tẹ́. Ẹ̀wà Evelyn ńkọ́, bí omi òjò — Evelyn tí àwọn dẹ́rẹ́bà ń tò síwájú rẹ̀ láti àárọ̀...

Dúró ná.

Dẹ́rẹ́bà wo ló máa tò nítorí oúnjẹ tí kò níyọ̀? Wọn ò ní bú u? Gbogbo olóúnjẹ Ọ̀rẹ̀ wá gbàgbé iyọ̀ pọ̀?

Nàfísàt ti sọ ọ́ rí: "Màmá àgbà, ẹ jẹ́ n bá yín bu iyọ̀ sí i." Mo lé e kúrò ní kíṣìnnì. Èmi tí mo ń se oúnjẹ ìṣínu nígbà ààwẹ̀, tí ẹnu mi ò kan ọbẹ̀, tí iyọ̀ rẹ̀ ń ṣe déédéé! Omi tó máa ń mu lórí oúnjẹ mi, ife lórí ife... mo rò pé ooru ni. Àti Khàdíjàt aládùúgbò wa, ọjọ́ tí òkèlè mi dúró sí i lẹ́nu, tí Nàfísàt ń ṣẹ́jú sí i: "Àǹtí, oúnjẹ Màmá dùn, àbí?"

Ahọ́n mi. Ahọ́n mi ló dalẹ̀ mi, kò mọ iyọ̀ mọ́.

Nàfísàt sì mọ̀. Ó mọ̀, kò sọ... báwo ni ó ṣe fẹ́ sọ ọ́?

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bọ̀ ní kọ́rídọ̀. Ọ̀rá oúnjẹ ń dún lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti bu iyọ̀, ọwọ́ mi dúró lókè ìkòkò, mi ò mọ bóyá mo ti bù ú sí i tẹ́lẹ̀...

Nàfísàt! Gbé ìyẹn sílẹ̀ ná. Wá bá mi tọ́ ọbẹ̀ yìí wò.