Níbi Tí Àṣírí Aláìsàn Ti Ń Jò

Ẹ gbọ́ àlá tí Tinúadé lá lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá. Bó ṣe rọ́ ọ fún wa gan-an ni n óò ṣe rọ́ ọ.

Nọ́ọ̀sì ni Tinúadé ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Iléṣà. Orí áàpù kan ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn: ta ló dé, kí ló ń ṣe é, oògùn wo ni kí wọ́n fún un. Lọ́sẹ̀ náà, awakọ̀ kan tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá pàdé Bàbá Láníhùn télọ̀, ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn wọn, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kígbe láàárín èrò pé, "Bàbá, ẹ kú ara líle o! Ṣé ìtọ̀ ṣúgà yẹn ti ń lọ sílẹ̀?" Bàbá tí kò tíì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá! Láti ọjọ́ náà ni kò ti wá gba oògùn mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Tinúadé. Ó yẹ áàpù náà wò, ó rí i pé kò sẹ́ni tó ń yọ orúkọ àwọn tó ti kúrò níṣẹ́. Gbogbo ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ bá kọ ni àwọn tó ti lọ ṣì ń kà. Ó lọ bá ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Adéríbigbé. Ìyẹn ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ òyìnbó ni. Kì í jò." Tinúadé délé, ó fi ìbínú sùn.

Ó wá rí i tí ilé ìwòsàn náà gbéra nílẹ̀, tó ń léfòó lókè bí ìkùukùu. Kò yà á lẹ́nu. Ohun tó bí i nínú ni pé wọn ò gbé àtẹ̀gùn sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn. Ọ̀rọ̀ ń jò lábẹ́ ilé náà, tó, tó, tó, àwọn èèyàn sì to korobá sísàlẹ̀. Obìnrin kan na abọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu ti télọ̀ yẹn kún un fún mi. Ti àná ò tó wa jẹ."

"Ẹ ò tiẹ̀ nítìjú!" Tinúadé jágbe mọ́ ọn.

"Ìtìjú ti wọ́n, ọmọ mi," obìnrin náà dáhùn.

Tinúadé gun afẹ́fẹ́ dé ẹnu ọ̀nà. Àgádágodo kan wà níbẹ̀ tó tóbi ju màlúù lọ. Ó kí i tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. "Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Èmi ò tíì fojú ba oorun láti oṣù mẹ́ta."

"Kí lẹ ń ṣọ́?"

"Ilẹ̀kùn ni."

Tinúadé yọjú sẹ́yìn ilé, kò rí ògiri kankan. Àjèjì ń wọlé, àjèjì ń jáde. Àwọn kan tiẹ̀ gbé àga wá. "Ògiri ẹ̀yìn ńkọ́?"

"Wọn ò fi ìyẹn kún iṣẹ́ mi," àgádágodo ní.

Ó já wọ ọ́fíìsì ọ̀gá tòun ti lẹ́tà ẹ̀sùn lọ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Adéríbigbé gba lẹ́tà ẹ̀sùn rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ìwo sì hù lórí rẹ̀. Kó tó ṣẹ́jú, ó ti di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Tinúadé kí i bó ti yẹ, "Ẹ káàsán, sà," ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà látìbẹ̀rẹ̀. Òbúkọ jẹ lẹ́tà náà tán, ó nu irùngbọ̀n.

"Ẹ̀sùn yín wọ̀ wá nínú," ó ní. "Ẹ kọ òmíràn wá. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i."

Tinúadé di ìwo rẹ̀ mú, ó wọ́ ọ lọ síbi tó ń jò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá Bàbá Láníhùn lórí ìkúnlẹ̀, tó ń fi òwú rán ilẹ̀ ilé náà pọ̀. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbójú sókè, ó bi wọ́n pé, "Ta ló ni àwọn ọ̀rọ̀ yìí?"

"Tiwa ni," òbúkọ ní.

Bàbá mi orí. "Tèmi ni. Mo ní kí ẹ bá mi tọ́jú wọn ni." Ó wo Tinúadé. "Ìwọ ni mo sì sọ wọ́n fún, ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Òun gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orúkọ Bàbá sórí áàpù náà.

Fóònù gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ó ta jí. Ọ̀gá ló kọ̀wé sórí áàpù: "Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, nítorí ààbò, a ti pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù. Òun ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹ má fi han ẹnikẹ́ni." Tinúadé wo orúkọ àwọn tó ti kà á. Ìyá Bọ́látitó, alásè wọn tí wọ́n sin lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ló kọ́kọ́ kà á.

Ó pe ọ̀gá lórí fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ta ló ń lo fóònù Ìyá Bọ́látitó?"

Ọ̀gbẹ́ni Adéríbigbé ní, "Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Ajé."

"Rárá, sà. Lónìí ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ò ní kọ orúkọ aláìsàn kankan síbẹ̀ mọ́, màá sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn."

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti yọ orúkọ gbogbo àwọn tí kò sí níṣẹ́ mọ́. Tinúadé wọ bàtà, ó mú oògùn, ó gba ilé Bàbá Láníhùn lọ. Ìyàwó Bàbá, tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ará ìta, ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní Bàbá ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni láti ilé ìwòsàn.

"Ẹ gbé oògùn náà sílẹ̀," obìnrin náà ní, "ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ síbì kankan."