Káfíńtà àti Àna Rẹ̀ Nínú Omi Òkun

Káfíńtà kan wà tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń pè ní Modébẹ̀rí. Kì í ṣe pé ó rin ìrìn àjò púpọ̀. Ibi tó jìnnà jù tó dé kò ju ibi tí wọ́n ti ń la pákó lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ìlú tí ẹ máa dárúkọ tí kò ní sọ pé òun ti débẹ̀ rí, tí kò sì ní júwe ọ̀nà rẹ̀ fún yín. Nígbà tó ń fẹ́ ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ, ó sọ fún un pé òun mọ̀wẹ̀ débi pé ẹja ń yà fún òun lọ́nà. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ìyàwó ò sì tú u wò.

Wàhálà dé lọ́dún tí ìyàwó ní ó rẹ òun, pé òun fẹ́ pa ẹ̀rọ ìránṣọ tì díẹ̀, kí gbogbo ilé lọ wo òkun. Ìyá ìyàwó gbọ́, wọ́n ní àwọn náà ń bọ̀. Wọ́n ní ẹ̀rù omi máa ń ba àwọn, ṣùgbọ́n nígbà tí òmùwẹ̀ ti wà nínú ẹbí, kí ló tún kù? Káfíńtà rẹ́rìn-ín ẹ̀yìn eyín. Ó ní kò sí wàhálà.

Àárín òun àti ìyá ìyàwó rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó dára bí aṣọ tuntun tí èèyàn ń bẹ̀rù láti fi jókòó. Ìyá kò pè é ní "ìwọ" rí. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà, ẹ má ṣèyọnu" ni ṣáá. Òun náà á kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á sì máa wá ọgbọ́n tí yóò fi jáde nínú yàrá.

Àwọn mẹ́rin ló lọ: tọkọtaya, ìyá, àti ọmọbìnrin wọn tí wọ́n ń pè ní Agbẹjọ́rò, torí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í bèèrè ẹ̀rí sí. Nínú bọ́ọ̀sì, ó bi bàbá rẹ̀ bóyá omi òkun tutù àbí ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Bàbá ní ó kù sí ọjọ́. Agbẹjọ́rò ní ọjọ́ wo ni bàbá wẹ̀ nínú rẹ̀? Bàbá ní kó máa wo igi lójú fèrèsé.

Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí òkun ni wọ́n ti gba yàrá méjì. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti jẹ gbogbo irin ilẹ̀kùn níbẹ̀, gíláàsì fèrèsé sì ti ṣú bí ojú arúgbó. Ilẹ̀kùn yàrá ìyá ti fa omi, ó wú, kò ṣeé tì. Onílé ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé bí oòrùn bá mú, á súnkì fúnra rẹ̀. Èyí bọ́ sọ́wọ́ káfíńtà. Ó yá irin tí wọ́n fi ń fá pákó, ó sì fá ilẹ̀kùn náà dan. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, oòrùn ti mú, ilẹ̀kùn ti súnkì, àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì gba ìka mẹ́ta. Ìyá fi ìró di ibẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun gan-an o. Atẹ́gùn ń wọlé dáadáa." Káfíńtà ò mọ̀ bóyá kóun dúpẹ́ tàbí kóun tọrọ àforíjì.

Lọ́jọ́ yẹn náà, ó wọ bàtà aláwọ tó ń dán lọ sétí òkun. Ó bọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó tẹ́ ẹní sí, nítòsí omi, ó ní òun mọ ibi tí ìgbì máa ń dé mọ. Ìgbì ò gbọ́ ohun tó sọ. Ó wá, ó rẹ ẹní, ó gbé bàtà ọ̀tún lọ, ó fi tòsì sílẹ̀. Agbẹjọ́rò bèèrè bóyá ọ̀kan nínú àwọn ẹja tó ń yà fún bàbá lọ́nà ló mú un.

Ẹ̀rín pa ìyá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn. Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín náà ni wọ́n dìde, wọ́n ká ìró sókè, wọ́n sì rìn wọnú òkun. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn, ó dé orúnkún, wọn ò dúró.

Ìyàwó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ lọ bá wọn. Ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ̀wẹ̀."

Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Wọn ò sọ ti ẹni tó kàn ń fẹnu wẹ̀. Káfíńtà ká ṣòkòtò, ó wọlé. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ ìyá ni ìgbì ńlá kan gbá àwọn méjèèjì ní ìbàdí. Ẹsẹ̀ ìyá yọ̀. Ó gbá apá wọn mú, àwọn méjèèjì ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, wọ́n dúró. Omi ń fa yanrìn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó mira.

Ìyá ò wojú rẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé o mọ̀wẹ̀?"

"Rárá, mà. Mi ò débí rí pàápàá."

"Mo fura. Ẹni tó mọ̀wẹ̀ kì í di arúgbó mú bí ẹni di òpó mú."

"Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Kí lẹ wá dé inú omi?"

"Ẹ̀rín ló tì mí wọlé. Nígbà tí mo wọlé tán, ojú ń tì mí láti padà. Kí ni ìwọ wá ṣe?"

"Ẹ̀yin ni mo rí níbẹ̀."

Ìyá fún ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tiwọn. Wọ́n fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn, díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi dé orí yanrìn gbígbẹ.

Ìyá sọ fún ìyàwó pé ọkọ rẹ̀ mọ omi gan-an. Ìyàwó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì na aṣọ ìnura sí ọkọ rẹ̀. Ìyàwó ti dé àdúgbò tí wọ́n ti tọ́ ọkùnrin náà dàgbà. Kò sí odò níbẹ̀. Kànga kan ṣoṣo ló wà, ó sì ní ìdérí.

Látìgbà tí wọ́n ti padà délé, ìyá ò fi "ẹ" bá àna wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n á ránṣẹ́ pé kí ọmọ àwọn wá wo ibùsùn àwọn tó ń dún, kó má sì sọ pé iṣẹ́ pọ̀. Bó bá pẹ́, wọ́n á wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á bá a wí níwájú oníbàárà, wọ́n á tún bi í bóyá ó ti jẹun. Ó fẹjọ́ sun ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kan, pé ìyá rẹ̀ ń bá òun wí bí ẹni pé àwọn ló bí òun. Ìyàwó fi eyín gé òwú, ó ní kó lọ bá wọn sọ ọ́.

Káfíńtà mú òòlù, ó sì jáde lọ sí ilé ìyá. Kò tíì dé ojú títì tó ti ń súfèé.