Cornelius Lọ Fẹjọ́ Olè Sùn

Bí ẹ bá rí Cornelius láàárọ̀ ọjọ́ tó wọ àgọ́ ọlọ́pàá ní Ìlárò, ẹ ó rò pé bàbá rẹ̀ ló kọ́ ilé náà. Ó gbé láptọ́ọ̀pù há abíyá, inú sì ń bí i débi pé bí wọ́n bá gbé ìkòkò omi lé e lórí, omi á hó.

"Wọ́n jà mí lólè," ló sọ fún Sájẹ́ǹtì Jẹ̀mílátù tó wà nídìí tábìlì. "Bàrúwà ará Ìlárá ló jí iṣẹ́ ọpọlọ mi."

"Iṣẹ́ ọpọlọ wo, bùrọ̀dá?"

Cornelius ṣí láptọ́ọ̀pù. Ètò kọ̀ǹpútà tí ilé-ìwé fi ń ṣírò èsì ìdánwò ni. Òun ló ń tà á láti Ajílẹ́tẹ̀ dé Àfọ̀n, kí Bàrúwà tó ra ẹyọ kan, tó ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ bí ẹni ń bomi lódò. "Ó ti tà á dé Kétu, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé sí kọ̀ǹpútà. Ọdún méjì ni mi ò fi sùn nítorí ẹ̀. Irun orí mi re tán."

Sájẹ́ǹtì wo irun orí rẹ̀ tó kún bí igbó. Ó fún un ní bébà, Cornelius sì kọ ẹ̀sùn rẹ̀ kún ojú méjèèjì.

Ká sòótọ́, ètò tí Cornelius bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kò lè ka adìyẹ méjì. Tísà Morádéyọ̀, olùkọ́ ìṣirò ní Ajílẹ́tẹ̀, ló gbé láptọ́ọ̀pù wá sí ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe rẹ̀ pé kó bá òun tún ihò ṣájà ṣe. Ó tún un ṣe, ó sì fi fíláàṣì kó ètò tí tísà ń kọ lọ́wọ́. Ó pa orúkọ tísà rẹ́ lójú ewé àkọ́kọ́, ó kọ "Ọ̀jọ̀gbọ́n Cornelius" síbẹ̀ gàdàgbà. Bí ẹni jí ewúrẹ́ tó kun iwájú orí rẹ̀, tó gbàgbé àmì tí ẹlẹ́ran gé sí i létí.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Sájẹ́ǹtì fa láptọ́ọ̀pù mọ́ra, ó tẹ ibi tí wọ́n kọ "Ìrànlọ́wọ́" sí. "Ta ni Morádéyọ̀? Nọ́ńbà ẹ̀ wà níbí."

Ọgbọ́n orí Cornelius gba ojú fèrèsé sá lọ. "Akọ̀wé mi ni, mà."

"Ẹ jẹ́ ká kí i nígbà náà."

Kò pé wákàtí kan tí tísà fi dé, tòun ti ìwé mẹ́rin tó fọwọ́ kọ ètò náà sí.

"Bùrọ̀dá Cornelius, mo rò pé iṣẹ́ mi ò dáa ni àwọn ilé-ìwé ò ṣe rà á, àṣé ẹ̀yin ti tà á fún wọn. Mo ti fẹ́ pa á tì. Èyí tẹ́ ẹ kó yẹn ò sì tíì parí. Ọmọ tí ò wá ṣèdánwò rárá ló máa ń fi sípò kìíní."

Cornelius rántí Àfọ̀n. Ọmọ tó ti kó lọ sí Abẹ́òkúta ló gbapò kìíní níbẹ̀, òun sì ti fi dá ọ̀gá ilé-ìwé lójú pé àyànmọ́ ni.

"Mà," ló sọ fún Sájẹ́ǹtì, "ẹ bá mi dá bébà yẹn padà. Mo ti dárí ji Bàrúwà."

"Òfin ò tíì dárí ji ẹ̀yin. Ẹ̀wọ̀n ń bẹ fún ẹni tó bá jí iṣẹ́ ọpọlọ, owó ìtanràn ń bẹ."

Nígbà tí ẹjọ́ dé kóòtù, Cornelius àti Bàrúwà, tí ọlọ́pàá ti lọ mú ní Ìlárá, jọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n," Bàrúwà rọra wí, "ẹ ò sọ fún mi pé ẹrù olè ni mo ń jí."

Adájọ́ béèrè ẹni tó tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Kí Sájẹ́ǹtì tó dìde, Cornelius ti nawọ́ sókè.

"Èmi ni, Olúwa mi. Mo tún mú ẹ̀rí wá."

Adájọ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá jù wọ́n sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta.