Àmín Tí Kareemah Kò Lè Ṣe

Kareemah kọ́kọ́ ya ọmọbìnrin kan tó ń pọn omi, kò dùn ún wò. Ó ya ọlọ́kadà, ọlọ́kadà náà dà bí ẹni tó jókòó sórí ewúrẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnbáyọ̀, tó ń kọ́ òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ àwòrán ọwọ́ di kátúùnù tó ń rìn nínú fóònù, wá sọ fún un pé, "Má fi orí lásán yà á mọ́. Mú ẹnì kan tí o mọ bó ṣe ń rìn. Ya bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀, ya bó ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Jẹ́ kí àwòrán tó kẹ́yìn so mọ́ ti àkọ́kọ́, á máa rìn lọ láìdúró nìyẹn."

Ta ni Kareemah tún mọ ìrìn rẹ̀ ju bàbá rẹ̀ lọ? Abdullateef, bàbá rẹ̀, ni ládàánì mọ́sáláṣí àdúgbò wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti máa ń gba iwájú ilé kọjá lọ pe ìrun, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ títí di alẹ́. Láti ìgbà tí ọ̀kadà ti gbé e ṣubú lọ́nà Kuta, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kì í fẹ́ kúrò nílẹ̀. Á kọ́kọ́ wọ́ ọ, á wá jù ú síwájú. Nínú ilé, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ẹsẹ̀ náà. A kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á.

Kareemah kò ya ojú bàbá rẹ̀ o, ká má purọ́ mọ́ ọn. Bàbá oníkùn ńlá kan tó gbé agbòjò ló yà, bàbá tirẹ̀ sì rèé, ó gbẹ bí igi. Ìrìn nìkan ló mú. Ó rò pé ojú nìkan la fi ń dá èèyàn mọ̀. Òpè ló ń rò bẹ́ẹ̀.

Ògúnbáyọ̀ pàtẹ́wọ́. "Èyí ní ẹ̀mí!" Inú Kareemah dùn débi pé ó fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí Wásáàpù. Ẹ fún àwa ará Ìwó ní ohun ẹ̀rín, kẹ́ ẹ wá ní ká má pín in! Kó tó di Jímọ̀, ẹnì kan ti kọ "Mo ti ń bọ̀ lọ́nà" sábẹ́ rẹ̀, ó sì ti di èsì gbogbo ẹni tó bá pẹ́. Aránṣọ tí kò tíì gé aṣọ rárá ń fi í dá oníbàárà lóhùn. Ó dé Ilé-Ogbó. Kareemah kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní "Ládàánì", ṣùgbọ́n nígbà tó rí orúkọ náà lábẹ́ àwòrán rẹ̀, ojú tì í bí ẹni tí ìró bọ́ sílẹ̀ nídìí rẹ̀ láàárín ọjà. Ó pa á rẹ́ lórí fóònù tirẹ̀. Kí nìyẹn fẹ́ ṣe? Ó ti wà lọ́wọ́ gbogbo ayé.

Nígbà tó ṣe, ohùn ẹlòmíràn ló pe ìrun Àlàásárì. Bàbá wà nílé, ó jókòó sórí ẹní.

"Ṣé ara ò yá ni, bàbá Kareemah?" Nàfísátù ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ara yá. Wọ́n ti fi kátúùnù yẹn hàn mí. Àwọn ọmọ ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀ lé mi lójú títì ni. Àwọn àgbà ń wo ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n lè rí ẹ̀rín rín. Ilé ni màá ti máa kírun."

Ilé náà ni wọ́n ti kí Màgàríbà lọ́jọ́ yẹn. Bàbá tẹ́wọ́ àdúrà. Ó ṣe é fún ilé, wọ́n ṣe àmín. Ó ṣe é fún àwọn òkú ọ̀run, wọ́n ṣe àmín. Ohùn rẹ̀ wá yí padà.

"Ẹni tó jókòó, tó fẹ̀sọ̀ wo ẹsẹ̀ mi, tó fi ṣe ẹ̀fẹ̀ fún aráyé, Ọlọ́run, bí mo ṣe ń fara pamọ́ yìí, jẹ́ kí òun náà wá ibi tí yóò sá sí, kó má rí."

"Àmín!" Nàfísátù fi gbogbo agbára ṣe é.

"Àmín," ni Muslimah, àbúrò Kareemah, wí.

Kareemah la ẹnu. Ká ní irọ́ lásán ni, ì bá pa á, ṣùgbọ́n àdúrà ni, orí ara rẹ̀ ni yóò sì ṣe àmín lé.

Bàbá kò tíì fi ọwọ́ pa ojú. "Mi ò gbọ́ tìẹ, Kareemah."

Ó dojú bolẹ̀ lórí ẹní, ìtìjú kò jẹ́ kó lè wo ẹnikẹ́ni. "Ẹ forí jì mí, bàbá mi. Mi ò ya ojú yín. Ìrìn yín ni mo mọ̀ jù."

Nàfísátù pariwo. Bàbá fọwọ́ dá a dúró.

"Ṣé bí mo ṣe ń rìn gan-an nìyẹn?"

Kareemah gbé ojú sókè wò ó.

"Ọlọ́run," ni bàbá rọra wí, "èyí tí mo ṣe kẹ́yìn yẹn, má gbà á."

Ó fọwọ́ pa ojú, ó dìde, ó ní òun ń lọ bu omi mu. Láti orí ẹní dé ẹnu ọ̀nà, ó ń fi tipátipá gbé ẹsẹ̀ òsì náà kúrò nílẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ọmọ òun ń wo òun.